Tówìn Dẹnu Kọlẹ̀ ní Ungwan Rimi

Láti Zaria la ti ń bọ̀. Ẹ́ńjìnnì tírélà tó ru àlùbọ́sà wa ti nọ́ọ̀kì, tówìn ńlá kan sì gbé iwájú rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn, ó ń wọ́ ọ bọ̀ ní Kaduna. Ọ̀nà náà kò ju nǹkan bí 80 kìlómítà lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní àlùbọ́sà nínú oòrùn ló mọ bó ṣe gùn tó.

Kí a tó dé Kawo ni ìdí tówìn ti bẹ̀rẹ̀ sí í han. Bí dírẹ́bà bá tẹ iná, á han. Bó bá gbẹ́sẹ̀ kúrò, á pa rọ́rọ́. Ó ní dífù ni, pé á ṣì gbé wa délé. Ní Ungwan Rimi, lẹ́yìn sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, bó ṣe ní kó fi jíà kìíní gbéra báyìí, nǹkan dún gbàgà lábẹ́ wa. Ẹ́ńjìnnì ń ké, pùròpẹ́là ń yí, táyà kò mira.

Wọ́n bá wa pe mẹkáníìkì. Hausa ni mo fi kí bàbá náà, ohùn Ògbómọ̀ṣọ́ ló fi dá mi lóhùn: "Ẹ kú ewu ọ̀nà o, ọmọ ìyá." Ó ní ká kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ kúrò lójú títì. Ó tú àwọn nọ́ọ̀tì tó yí ojú họ́ọ̀bù ká, ó fa ṣáàfù kọ̀ọ̀kan yọ bí ẹni fa idà yọ nínú àkọ̀, láìlo jáàkì. Táyà dúró digbí, nítorí họ́ọ̀bù ló ń ru ẹrù ọkọ̀ ńlá, ṣáàfù kàn ń yí i ni. Ọkọ̀ mìíràn wá wọ́ tówìn lọ. Àwọn ọmọdé ń tẹ̀lé wa, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, mi ò sì bá wọn wí.

Ó tú dífù. Ọ́ìlì tó jáde kò kún agolo mílíìkì. Irin wẹ́wẹ́ ń dán nínú rẹ̀, eyín píníọ̀n sì wà nísàlẹ̀. Píníọ̀n ló ń gba agbára lọ́wọ́ pùròpẹ́là tó fi ń yí kíráùn, kí agbára náà tó pín sí táyà ọ̀tún àti òsì. Bí tówìn bá gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ tó ń gbéra, eyín díẹ̀ ló ń ru gbogbo ìnira yẹn. Ọ́ìlì nìkan ni kì í jẹ́ kí irin jẹ irin.

"Ọ́ìlì ọ̀hún wá dà, Bàbá?"

Ó fi ìṣó ha ihò kékeré kan lórí dífù. Ibẹ̀ ló fi ń mí. Eruku ọyẹ́ àti gíríìsì ti dí i pa. Bí dífù bá gbóná, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á wú. Bí kò bá rí ọ̀nà, á ti ọ́ìlì gba ẹ̀gbẹ́ síìlì jáde, díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi gbẹ.

Dírẹ́bà fẹ́ lọ ra píníọ̀n nìkan ní Panteka, pé kíráùn ṣì dára. Bàbá kọ̀ jálẹ̀. Ilé iṣẹ́ ló ti lọ àwọn méjèèjì mọ́ra, nọ́ńbà kan náà ló wà lára wọn. Ẹni tó bá pààrọ̀ ọ̀kan ṣoṣo á tún padà wá. Lójú tèmi bàbá jàre, àmọ́ kì í kúkú ṣe èmi ni mo fẹ́ sanwó.

Mo wá ọkọ̀ mìíràn tó máa kó àlùbọ́sà lọ sí Ìlọrin. Kí a tó gbéra, mo ní kí ọmọ iṣẹ́ bàbá fi ìṣó kan náà yẹ dífù rẹ̀ wò. Ihò tiẹ̀ náà ti dí.