Ọjọ́ Orí Ọmọ Nínú Ọkọ̀ Afẹ́

Ẹ̀yin òbí tí ẹ fẹ́ kó ọmọ gbafẹ́ lórí òkun, ẹ gbọ́ ohun tí mo rí ní èbúté Southampton. Ọkọ̀ wa ga ju ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́wàá lọ. Yàrá wa há, ṣùgbọ́n ọgbọ́n wà nínú rẹ̀: ibùsùn méjì wà nílẹ̀, wọ́n sì ń fa méjì wálẹ̀ láti òkè bí ilẹ̀ bá ṣú. Àwọn ọmọ ń du ti òkè.

Àkọ́bí mi, ọmọ ọdún 19, àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ gba yàrá ní àjà mìíràn. Bí ó bá jẹ́ Miami ni a ti gbéra, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Royal Caribbean, fún àpẹẹrẹ, ń béèrè ọdún 21 lọ́wọ́ ẹni tí yóò dá gba yàrá láti Amẹ́ríkà, àyàfi tọkọtaya tàbí ọmọ tí yàrá òbí rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Láti Yúróòpù, 18 ti tó.

Ti ọmọ ọwọ́ ló ká mi lára jù. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kì í gba ọmọ tí kò pé oṣù 6. Bí ìrìn àjò bá sì gùn lójú òkun, oṣù 12 ni, nítorí ilé ìwòsàn ńlá jìnnà. Mo rí tọkọtaya kan tí wọ́n dá padà lẹ́bàá omi. Ọjọ́ mẹ́rin péré ló kù kí ọmọ wọn pé oṣù 6. Ìyá náà sunkún.

Ẹ ka òfin kí ẹ tó sanwó. Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá gbéra ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ orí. Ọkọ̀ kì í dúró de ẹni tí ń jiyàn.