Ọkọ̀ tí Bàbá Wa Gbẹ́

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti wọ ọkọ̀ láti Ìgbókọ̀dá lọ sí etí òkun ilẹ̀ Ìlàjẹ yóò ti ṣàkíyèsí pé bí a ti ń sún mọ́ omi iyọ̀ ni igi ńlá ń tán. Nítorí náà ni bàbá wa ṣe máa ń gòkè lọ sí igbó ilẹ̀ Ìkálẹ̀ láti ra igi tí yóò fi gbẹ́ ọkọ̀. Àràbà fúyẹ́, ṣùgbọ́n a máa tètè jẹrà. Ìrókò wúwo, owó rẹ̀ sì ga, ṣùgbọ́n a máa tọ́jọ́. Ìrókò ni bàbá wa yàn.

Inú igbó ni a ti ń fi àáké kó ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ jáde, kí ó lè ṣeé fà dé odò. Ilé ni iṣẹ́ gidi kù sí. Irin kékeré kan tí ẹnu rẹ̀ dàbí ti ọkọ́ ni bàbá wa fi ń họ inú igi náà, tí ó sì ń fi ìka kàn án lóde, tí ó ń dẹ etí sí i. A kò rí i kí ó fi ohunkóhun wọ̀n ọ́n rí.

"Bàbá, báwo ni ẹ ṣe ń mọ ibi tí ó yẹ kí ẹ dúró?"

"Igi náà ni yóò sọ."

Àwa dẹ etí títí, a kò gbọ́ nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ iná ni a kò lè gbàgbé. Odidi igi kì í gbòòrò ju bí Ọlọ́run ti dá a lọ; iná ni a fi ń bẹ̀ ẹ́ kí ó ya apá. A ó rin ín ní omi, a ó dá iná jẹ́jẹ́ sí abẹ́ rẹ̀, bí ara rẹ̀ bá sì ti ń rọ̀, a ó máa fi ọ̀pá dábùú inú rẹ̀, èyí tí ó kúrú ṣíwájú èyí tí ó gùn. Iṣẹ́ àwa ọmọdé ni láti máa fi ọwọ̀ wọ́n omi sí ibi tí ó bá fẹ́ gbiná. Lọ́jọ́ náà, àwọn onílù ń sin ìyàwó kọjá lórí omi, a sì ju ọwọ̀ sílẹ̀, a sáré lọ wò wọ́n. Kí a tó padà, a gbọ́ "pàá!" Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ti là, ó gùn tó apá àgbàlagbà. Owó ẹja ọdún kan gbáko ni bàbá wa fi ra igi náà.

Kò nà wá. Ó jókòó pẹ́, lẹ́yìn náà ó ní kí a bu omi wá fún òun mu. Ó fi òwú dí ojú ibẹ̀, ó kan páànù mọ́ ọn, ó sì fi igbá lé wa lọ́wọ́: "Ẹ̀yin ni ẹ ó máa gbọ́n omi rẹ̀." Ọdún mẹ́sàn-án ni a fi gbọ́n ọn.

Ní ọdún 1987, darandaran kan tí ó ń gbẹ́ kànga ní Dufuna, ní ilẹ̀ Yobe tí ó gbẹ táútáú, bá ọkọ̀ kan pàdé nínú ilẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé hú u, ó gùn ju mítà 8 lọ, wọ́n sì ṣírò ọjọ́ orí rẹ̀ sí nǹkan bí ọdún 8,000. Nígbà tí a kà á, ọkàn wa lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó gbẹ́ ẹ. Ó dà bí ẹni pé a rí i tí ó ń fi ìka kàn án, tí ó ń dẹ etí.

Pákó ni ọ̀pọ̀ ń kàn pọ̀ ṣe ọkọ̀ nísinsìnyí, ẹ́ńjìnnì sì ń tì í. A kò bá wọn wí; igi ńlá ti di ọ̀wọ́n. Àwa fúnra wa kò kọ́ iṣẹ́ náà. Ilé ìwé ni bàbá wa rán wa lọ. Irin rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa ní ìgboro. Ọmọ wa ń fi í fọ́ ẹkùrọ́, a kò sì tíì rí ẹnu sọ pé kí ó gbé e sílẹ̀.