Ènì Ilé Ìtura Gbé Bàbá Wa Dé Etí Òkun

Láti ìpàdé oṣù tó kọjá ni olóòtú ti ń rọ̀ mí pé kí n kọ ìtàn ìrìn àjò tí èmi àti bàbá mi rìn lọ sí Èkó ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti gbọ́ pé akọ̀wé rélùwéè lásán-làsàn lọ sun òru méjì ní hòtẹ́ẹ̀lì ńlá létí òkun, kò sì san kọ́bọ̀ fún yàrá. Mo gbọ́ pé àwọn kan tilẹ̀ ní mo jẹ tẹ́tẹ́. N kò ta tẹ́tẹ́ rí láyé mi. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín bó ti rí gan-an.

Ọdún 1971 ni bàbá mi wọ iṣẹ́ rélùwéè ní Kaduna Junction, ọdún 2004 ló sì fẹ̀yìn tì. Ọ́fíìsì ẹrù ló wà. Ẹ̀pà tó ń bọ̀ láti Kánò, òwú tó ń bọ̀ láti Fúntúà, awọ ẹran, gbogbo rẹ̀ ni ìwé wọn ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Ibi kan náà ni ọ̀pọ̀ ẹrù náà ń lọ, òun ni Àpápá. Bàbá ní òun kọ “Àpápá” títí ó fi di pé òun lè kọ ọ́ lójú oorun. Síbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kò fojú rí òkun rí. Ọmọ Ọ̀fà ni wá. Nígbàkigbà tó bá gba páàsì lọ sílé, Ọ̀fà ló ń sọ̀, rélùwéè a sì máa bá tirẹ̀ lọ sí Èkó. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló dé Ẹ̀búté Mẹ́tta nítorí ìwé owó ìfẹ̀yìntì. Kí wọ́n tó dá a lóhùn, ilẹ̀ ti ṣú, ó sì wọ mọ́tò alẹ́ padà.

Àbúrò mi ọkùnrin ló ṣí ọ̀nà. Ọ́dítọ̀ ni ní Àbújá. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ a máa rán an láti ìlú dé ìlú, hòtẹ́ẹ̀lì ló sì ń sùn. Ẹ̀yin ìyá wa tó ń ta gaàrí lọ́jà mọ ohun tí à ń pè ní ènì. Bí oníbàárà bá ra kóńgò mẹ́ta, ẹ ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e, kí ó má baà lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn lọ́la. Ohun kan náà ni àwọn hòtẹ́ẹ̀lì ńlá ń ṣe, àfi pé wọn kì í bu ènì tiwọn lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Iye owó tí o bá san ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀, pọ́íǹtì ni wọ́n sì ń pè é. Nígbà tó bá pọ̀ tó, wọ́n á gbà á dípò owó yàrá. Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ̀. Ọkọ̀ òfúrufú American Airlines bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní ọdún 1981, Holiday Inn àti Marriott sì mú un wọ inú ilé ìtura ní ọdún 1983.

Ènì yìí a sì máa kú. Bí ó bá pẹ́ tí ènìyàn kò sùn lọ́dọ̀ wọn tí kò sì lo èyí tó ní, wọ́n á pa á rẹ́. Ti àbúrò mi ti fẹ́ kú nígbà tó pè mí lórí fóònù. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, òru méjì ló wà nínú rẹ̀. Èmi kò ráyè. Ẹ mú Bàbá lọ wo òkun.”

Ó bọ́ sí àsìkò tó dára, nítorí a ti fẹ́ lọ sí Ọ̀fà fún ìsìnkú ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin. Lẹ́yìn ìsìnkú, a wọ mọ́tò dé Ìbàdàn, a sùn lọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì a lọ wọ rélùwéè tuntun ní Mọ́níyà, èyí tí wọ́n ṣí ní gbangba ní oṣù Kẹfà ọdún 2021. Kí Bàbá tó wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ojú irin. Ó ní, “Èyí fẹ̀ ju tiwa lọ.” Òótọ́ ló sọ. Ẹsẹ̀ bàtà 3 àti ínǹṣì 6 ni ìbú ojú irin àtijọ́. Ti tuntun yìí jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4 àti ínǹṣì 8 àbọ̀. Nínú ọkọ̀, ó ń wo aago rẹ̀ ní gbogbo ìdúró, bí ẹni pé òun ni yóò kọ ìròyìn fún ọ̀gá.

Láti Ẹ̀búté Mẹ́tta a wọ takisí, ó gbé wa gba orí afárá Third Mainland tí wọ́n ṣí ní ọdún 1990. Bàbá rí omi lọ salalu lápá òsì, ó sì di ọwọ́ mi mú. Ó ní, “Àkànní, òkun nìyí?” Mo ní, “Rárá, Bàbá. Ọ̀sà ni. Òkun ṣì wà níwájú.” Ó mi orí, ó ní, “Èyí wá jẹ́ ọmọ rẹ̀ lásán.”

Agogo 2 ọ̀sán ni a dé hòtẹ́ẹ̀lì náà ní Victoria Island. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ilẹ̀ rẹ̀ ń dán tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè wo ojú ara rẹ̀ níbẹ̀. Ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì ìgbàlejò wo kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ní kò sí orúkọ wa níbẹ̀, ti àbúrò mi nìkan ló wà. Mo ní àbúrò mi ni, orúkọ ìdílé wa kan náà ni. Ó ní kí ó wá fúnra rẹ̀. Mo ní Àbújá ló wà. Ó ní òfin ni òfin. Kò gbójú sókè wò mí. Mo pe àbúrò mi, ó ti pa fóònù rẹ̀ nítorí ìpàdé. Bàbá mi, ẹni ọdún 76, dúró sójú kan pẹ̀lú báàgì rẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn àga tó wà níbẹ̀ dà bí àga ọba, kò sì sí ẹni tó ní kó jókòó.

Inú bí mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Bàbá ní, “Àkànní, dákẹ́. Òótọ́ ni ọmọ yìí ń sọ. Bí ẹnìkan bá mú páàsì tí kì í ṣe orúkọ rẹ̀ wá bá mi ní Junction, n kò ní gbà á. Ṣùgbọ́n n ó kọ́kọ́ fún un ní àga.”

Ẹ̀yin ará mi, ọ̀rọ̀ yìí ta mí lára ju ti ọmọbìnrin náà lọ, nítorí mo rántí ohun tí èmi náà ṣe. Ẹ mọ̀ pé láti ìgbà tí rélùwéè Àbújá sí Kàdúná ti padà sẹ́nu iṣẹ́ ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, lẹ́yìn ìkọlù burúkú ti ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún náà, NIN ni a fi ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, orúkọ ẹni tó ń rìn ló sì gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀. Òfin tó dára ni, ẹ̀mí ènìyàn ló ń ṣọ́. Ní bíi oṣù méjì ṣáájú ìrìn àjò wa, ìyá kan mú tíkẹ́ẹ̀tì wá sí ojú fèrèsé mi, orúkọ ọmọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ó ní ọmọ ọmọ òun wà ní ọsibítù ní Àbújá. Mo ní òfin ni òfin. N kò gbójú sókè wò ó. Nígbà tí mo tún rí i, rélùwéè ti lọ, ó jókòó sórí ẹrù rẹ̀ nínú oòrùn. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Nínú hòtẹ́ẹ̀lì yẹn ni mo tó wo ẹ̀yìn.

Mo bẹ ọmọbìnrin náà, mo ní kó má bínú. Mo mú Bàbá lọ jókòó. Ó kù díẹ̀ kí agogo 5 lù kí àbúrò mi tó dáhùn. Ó bá àwọn tó ń tọ́jú ìwé pọ́íǹtì náà sọ̀rọ̀, wọ́n sì fi orúkọ wa méjèèjì kún tirẹ̀. Ìgbà náà ni wọ́n wá ní kí n san ₦50,000 ìdógò, tí wọn yóò dá padà bí a kò bá ba nǹkan jẹ́ tí a kò sì jẹ gbèsè oúnjẹ. Owó tó kù lápò mi kò ju bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀, mo san án.

Yàrá náà dára, n kò ní purọ́. Bẹ́ẹ̀dì méjì tó funfun bí òwú, omi gbígbóná, omi tútù, aṣọ ìnura tí n kò mọ èyí tí mo lè fi nu ẹsẹ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù mú Bàbá tó bẹ́ẹ̀ tó fi wọ kóòtù rélùwéè rẹ̀ sùn. Ó yà á lẹ́nu pé wọ́n gbẹ́ kòtò, wọ́n rọ omi sínú rẹ̀ fún àwọn ènìyàn láti wẹ̀, nígbà tí òkun wà lẹ́yìn ilé. Oúnjẹ kò sí nínú ènì náà, iye rẹ̀ sì ju agbára mi lọ. A mu gaàrí pẹ̀lú kúlíkúlí tí a gbé láti Kàdúná, a sì jáde lọ jẹ ìrẹsì lọ́dọ̀ olóúnjẹ kan ní ìta.

Ní ìdájí ọjọ́ Àbámẹ́ta mo jí, n kò rí Bàbá lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ti fa aṣọ ojú fèrèsé sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó dúró síbẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Òkun ni. Mo dúró tì í. Ó pẹ́ kó tó ní, “Kò ní òdìkejì.”

Nígbà tí oòrùn là, a sọ̀kalẹ̀ lọ sí etíkun. Bàbá ti kọ́kọ́ ní kí n mú òun lọ sí Bar Beach tí òun máa ń gbọ́ nínú rédíò. Mo sọ fún un pé Bar Beach ti parẹ́: òkun ti jẹ ẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n wá da iyanrìn sí i, wọ́n ń kọ́ Eko Atlantic lé e lórí, wọ́n sì ń mọ ògiri òkúta tí gígùn rẹ̀ yóò tó kìlómítà 8.5 láti dá òkun dúró. Nítorí náà ibòmíràn la lọ. Bàbá bọ́ bàtà, ó ká ṣòkòtò sókè, ó jẹ́ kí ìgbì fọ ẹsẹ̀ òun. Ó bu omi náà tọ́ wò, ó tu ú, ó rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. A kò lọ jìnnà, nítorí òkun Èkó lágbára, ó ń fa ènìyàn lẹ́sẹ̀.

Ó wá rí àwọn ọkọ̀ ojú omi lókèèrè, wọ́n tò lọ bí wágọ̀nù. Ó ní kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Mo ní wọ́n ń dúró de ààyè láti wọ èbúté ni. Ó ní, “Èbúté wo?” Mo ní, “Àpápá, Bàbá.” Kò fèsì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kà wọ́n, ó ka 14. Lẹ́yìn náà ló ní, “Ibi tí ẹ̀pà wa ń gbà lọ nìyí.” Mo ri pé ojú rẹ̀ ti kún fún omi, mo bá wo ibòmíràn.

Ọmọkùnrin kan tó ń fi ẹṣin gbé èrò létíkun wá bá wa. Bàbá gbọ́ ohùn rẹ̀, ó kí i ní èdè Hausa: “Sannu, yaro.” Ọmọ náà fò sókè. Fúntúà ló ti wá! Bàbá dárúkọ ilé ìkẹ́rù òwú tó wà nítòsí tésàn Fúntúà, ọmọ náà ní bàbá bàbá òun ru àpò òwú níbẹ̀. Bí àwọn méjèèjì ṣe jókòó sórí iyanrìn nìyẹn, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ ilé. Ọmọ Fúntúà di àlejò létí òkun ilẹ̀ Yorùbá, ọmọ Ọ̀fà sì ti di arúgbó ní Kàdúná. Ọmọ náà fi ẹṣin gbé Bàbá rìn díẹ̀, kò sì gba owó lọ́wọ́ wa.

Ní ọjọ́ Àìkú wọ́n dá ìdógò mi padà láìyẹ̀, a sì gba ọ̀nà Ìbàdàn padà. Ọmọbìnrin ọjọ́sí wà nídìí tábìlì rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí ó gbójú sókè, ó kúnlẹ̀ kí Bàbá pé ó dàbọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ tàbí àbúrò tó ń sun hòtẹ́ẹ̀lì nítorí iṣẹ́, ẹ bi í léèrè bóyá ó ní irú ènì yìí. Kí ó máa gba yàrá lọ́wọ́ hòtẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀; bí ó bá gbà á lọ́wọ́ alágbàtà, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọn kì í kọ ènì fún un. Bí ó bá fẹ́ fi ta yín lọ́rẹ, kí orúkọ yín wà níbẹ̀ kí ẹ tó gbéra nílé. Ẹ mú owó ìdógò dání, ẹ sì mú oúnjẹ. Ọ̀fẹ́ yàrá ni, kì í ṣe ọ̀fẹ́ ìrìn àjò.

Ní tèmi, nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, mo fi Hausa, Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ sórí páálí pé orúkọ ẹni tó ń rìn ni kó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì, ọ̀gá mi sì gbà kí n lẹ̀ ẹ́ síbi tí èrò yóò ti rí i kí wọ́n tó sanwó. Mo tún gbé bẹ́ǹṣì kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé mi. Òfin kò yí padà, ṣùgbọ́n àga wà.

Ara Bàbá le, ó sì kí gbogbo yín. Ó bu omi òkun sínú ìgò kan bọ̀, ó gbé e sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago rélùwéè rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tọ́ ọ wò, kí ó yà sílé wa lẹ́yìn ìpàdé.