Ohun Tí Mo Gbé Bọ̀ Láti Osooro

Ilẹ̀ pupa ni ó kọ́kọ́ ń kí àlejò káàbọ̀ sí Ìkálẹ̀. Láti Orè, níbi tí a ti ń yà kúrò lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Benin, ọkọ̀ gba ìhà gúúsù lọ sí Òkìtìpupa, eruku sì ti pa aṣọ mi láró kí n tó sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀kadà ni ó gbé mi láti ibẹ̀ dé Ìlútitun, ọ̀pẹ lọ́tùn-ún, ọ̀pẹ lósì. Ìlútitun, Igbotako, Ìjù-Odò àti Ìjù-Òkè wà lára àwọn ìlú tí à ń pè ní Osooro, tí Rebuja jẹ́ ọba wọn. Ọmọ Ìjù-Odò ni Olóògbé Olúṣẹ́gun Àgágù, tí ó ṣe gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó láti ọdún 2003 sí 2009. Orúkọ rẹ̀ ni yunifásítì tí ó wà ní Òkìtìpupa ń jẹ́ lónìí.

Kì í ṣe afẹ́ ni mo bá lọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni ó ránṣẹ́ pè mí pé ọmọ òun fẹ́ ta gbọ̀ngán kọ̀ǹpútà rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kan tí ó bàjẹ́. Kí n tó jókòó dáadáa ni ó ti gbé pupuru gbígbóná síwájú mi. Fún ẹni tí kò mọ pupuru, ẹ̀gẹ́ ni a rẹ sínú omi, tí a fún gbẹ, tí a ṣù ní róbótó, tí a sì yan lórí iná títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi dúdú. A ó họ ibi tí ó dúdú kúrò, a ó gún inú rẹ̀ kúnná, kí a tó rò ó bí àmàlà. Èéfín máa ń ta sí i lára díẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju fùfú lọ, ẹni tí ó bá fẹ́ kí ó bá mi jà.

Ogún kọ̀ǹpútà ni ọmọ náà tò sínú gbọ̀ngán rẹ̀. Láti ọdún 2015, orí kọ̀ǹpútà nìkan ni wọ́n ti ń ṣe ìdánwò JAMB, ọmọ Osooro tí kò bá sì ti fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí yóò máa wá lẹ́tà kiri nígbà tí àkókò bá ń lọ. Ìdí tí gbọ̀ngán náà fi ṣe pàtàkì nìyẹn. Iná ìjọba kò sí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni apá gúúsù ìpínlẹ̀ Oǹdó fi wà nínú òkùnkùn, bẹ́ẹ̀ ilé iṣẹ́ amúnáwá Omótóṣọ̀ọ́ wà nínú ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa kan náà. Agbára oòrùn àti jẹnẹrétọ̀ ni ó ń lò.

Ilé tí íntánẹ́ẹ̀tì ti ń wọlé jìnnà sí gbọ̀ngán náà tó àádọ́jọ mítà. Wáyà bàbà tí a fi ń so kọ̀ǹpútà pọ̀ kò gbọdọ̀ gùn ju 100 mítà lọ, òjò Ìkálẹ̀ kì í sì í rọ̀ láìmú àárá lọ́wọ́. Bàbà tí a bá nà láti ilé dé ilé a máa gbé iná àárá wọlé. Nítorí náà ni ó ṣe na okùn fáíbà. Fáíbà jẹ́ gíláàsì, ìmọ́lẹ̀ ni ó ń gbé, kì í gbé iná.

Ṣùgbọ́n okùn ìmọ́lẹ̀ kò lè wọ inú ẹ̀rọ switch bẹ́ẹ̀ lásán. Ohun kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní SFP, kò ju ìka ọwọ́ lọ, òun ni ó ń sọ iná di ìmọ́lẹ̀, tí ó sì ń sọ ìmọ́lẹ̀ padà di iná. Àwọn ilé iṣẹ́ ti fohùn ṣọ̀kan lórí bí ó ṣe yẹ kí ó tóbi tó àti bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe yẹ kí ó rí, nítorí náà ilé iṣẹ́ èyíkéyìí lè ṣe é. Síbẹ̀, ẹni tí ó ṣe é a máa kọ orúkọ rẹ̀ pamọ́ sínú rẹ̀, switch a sì kà á bí a bá ti kì í bọ̀ ọ́. Àwọn switch kan wà tí wọn kì í gba ti ilé iṣẹ́ mìíràn rárá.

Tirẹ̀ gbà á. Ó ní iye tí wọ́n pe SFP tí ó jẹ́ ojúlówó ti ilé iṣẹ́ náà tó ìlọ́po márùn-ún èyí tí òun rí ní Computer Village ní Ìkẹjà. Méjì ni ó rà níbẹ̀. Oṣù méje ni gbogbo rẹ̀ fi ṣiṣẹ́, kí switch tí ó wà nínú gbọ̀ngán tó kú pátápátá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Wáráńtì ọdún kan wà lórí rẹ̀. Ó pe ilé iṣẹ́ tí ó tà á fún un. Wọ́n ní kí ó ya fọ́tò iwájú ẹ̀rọ náà ránṣẹ́. Wọ́n rí SFP Ìkẹjà nínú rẹ̀, wọ́n sì dáhùn pé wáráńtì ti parẹ́.

Inú bí ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní, “Ẹ̀rọ tí mo fi ń fún epo, ṣé wọ́n béèrè ibi tí mo ti ra bẹ́líìtì rẹ̀? Bẹ́líìtì já, mo ra òmíràn ní Orè, epo ń jáde.” Èmi náà kọ́kọ́ rò pé ó tọ̀nà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ṣèlérí fún un pé òun yóò pààrọ̀ ẹ̀rọ epo rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

N kò mọ ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n mo lè ka ìwé. Mo ní, “Gbé ìwé wáráńtì náà wá.”

“Àǹtí, wọ́n ti ní ó parẹ́.”

“Gbé e wá ná.”

Ohun tí ó wà nínú ìwé yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n sọ lórí fóònù. Ìwé ní àwọn kò ní tún ohun tí ó bàjẹ́ *nítorí* ẹ̀yà ara tí ilé iṣẹ́ mìíràn ṣe. Kò sọ pé ohun tí ó bàjẹ́ *nígbà tí* irú ẹ̀yà bẹ́ẹ̀ wà nínú rẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà láàárín ọ̀rọ̀ méjì yẹn. Ìlànà tí Cisco, tí ọ̀rọ̀ yìí kò kàn, gbé jáde fún àwọn oníbàárà rẹ̀ sọ irú rẹ̀: bí wọ́n bá rí i pé SFP tàbí wáyà ilé iṣẹ́ mìíràn ni ó fa ìṣòro, wọ́n lè fa ọwọ́ sẹ́yìn, wọ́n sì lè ní kí oníbàárà fi ti Cisco sí i kí àwọn lè mọ ibi tí àìsàn wà. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1975 kan kò gba ilé iṣẹ́ láyè láti so wáráńtì ọjà tí ènìyàn ń lò nílé mọ́ ríra ẹ̀yà ara tí ó ní orúkọ tirẹ̀, àfi bí yóò bá fún oníbàárà ní ẹ̀yà náà lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí bí ìjọba bá yọ̀ǹda fún un. Níhìn-ín, òfin ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 fún wa ní ẹ̀tọ́ sí ọjà tí ó dára, àjọ FCCPC sì wà láti gbọ́ ẹjọ́ wa. Òfin náà tún fi dandan mú ẹni tí ń ta àlòkù tàbí àtúnṣe kí ó sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ń rà á. Èyí kan ọjà Ìkẹjà náà.

Kí n má ṣe ojúsàájú. SFP burúkú wà. Òmíràn máa ń gbóná ju bí ó ti yẹ, òmíràn máa ń fa iná jù, òmíràn sì wà tí wọ́n kàn kọ orúkọ olórúkọ sí lára. Kò sí ilé iṣẹ́ tí ó lè dán gbogbo wọn wò. Mo sì bi ọmọ náà léèrè lójú ìyá rẹ̀ bóyá jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ni ó sun ẹ̀rọ, nítorí pé wáráńtì kì í sábà bo àárá tàbí iná tí ó ru sókè. Ó fi inverter àti stabilizer tí ó wà láàárín wọn hàn mí. Mo gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n bí ilé iṣẹ́ náà bá ti ibẹ̀ yọ, ẹnu wa ì bá wọhò.

A yọ SFP kúrò, a pààrọ̀ wáyà iná, switch kò tanná kankan. Ó ní apá tí ń gba iná sínú ẹ̀rọ ni ó kú. Ìyẹn nìkan kò tó ẹ̀rí, nítorí náà a gbé SFP yẹn lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Òkìtìpupa tí ó ní irú switch náà. Odidi òru kan ni ó fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kò sì gbóná lódì. A ya fọ́tò gbogbo rẹ̀. Mo wá kọ lẹ́tà: nọ́ńbà ẹ̀rọ, ọjọ́ tí a rà á, gbólóhùn inú ìwé wáráńtì tiwọn, àti ìbéèrè kan ṣoṣo pé kí wọ́n sọ fún wa bí SFP ṣe ba apá tí ń gba iná jẹ́.

Wọ́n ní kí a gbé e wá sí Èkó. Èmi ni mo gbé e. Kẹ́ẹ̀gì epo kan wà lẹ́sẹ̀ mi, àpò pupuru wà lábẹ́ àga, switch náà sì wà lórí itan mi títí dé Èkó, tí awakọ̀ ń béèrè bóyá rédíò ni.

Ọjọ́ kejìdínlógún ni wọ́n fún wa ní òmíràn. Wọn kò tọrọ àforíjì. Wọ́n kàn kọ ọ́ sí i pé lọ́jọ́ iwájú, kí ó fi SFP tiwọn sínú ẹ̀rọ kí ó tó pè wọ́n. Ó ti ra ẹyọ kan báyìí. Ó fi ọ̀rá dì í sínú agolo mílíìkì nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀, kò sì lò ó rí. Àwọn ti Ìkẹjà ni wọ́n ń bá iṣẹ́ lọ.