Ẹranko Ni Dickinsonia

Adelaide, Gúúsù Ọsirélíà

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ohun tí wọ́n fi ń yangàn níbí yàtọ̀: ẹranko tó ti kú láti nǹkan bí 550 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, Spriggina, ni wọ́n sọ di ọ̀kan nínú àmì ìpínlẹ̀ wọn lọ́dún 2017. Orúkọ Reg Sprigg ni wọ́n fi pè é, ẹni tó ṣàwárí irú àwọn ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ ní òkè Ediacara lọ́dún 1946, lórí ilẹ̀ gbígbẹ àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Adnyamathanha ní àríwá ìlú yìí. Àwọn ẹ̀dá náà kò ní eegun, wọn kò ní karawun. Iyanrìn ló bò wọ́n mọ́lẹ̀ nísàlẹ̀ òkun, tó sì gba àwòrán ara wọn sílẹ̀.

Nínú wọn, Dickinsonia ni àríyànjiyàn pọ̀ lé lórí jù. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ara rẹ̀ kún fún ìlà, òmíràn gùn ju mítà kan lọ, kò sì sẹ́ni tó rí ẹnu tàbí ìfun rẹ̀. Síbẹ̀, mo gbà pé ẹranko ni. Lọ́dún 2018, Ilya Bobrovskiy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí àwọn tí wọ́n rí létí Òkun Funfun ní Rọ́ṣíà, tí ọjọ́ orí wọn tó 558 mílíọ̀nù ọdún. Awọ tínrín ṣì wà lára òkúta náà, wọ́n sì bá kọlẹ́sítirọ́ọ̀lù nínú rẹ̀, àní ọ̀rá ẹranko tí àwọn dókítà fi ń dẹ́rù bà wá yẹn. Ẹ lè ní inú ẹrẹ̀ àyíká ló ti wá. Àwọn náà rò ó, wọ́n yẹ òkúta ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wò: ọ̀rá ewédò ló pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n lára Dickinsonia, ti kọlẹ́sítirọ́ọ̀lù tó ìdá 93 nínú 100.

Gregory Retallack ti Yunifásítì Oregon ní tirẹ̀ sọ pé orí ilẹ̀ ni Dickinsonia gbé, pé ó jọ ìdàpọ̀ ẹbu àti ewédò tó ń lẹ̀ mọ́ àpáta. Ọ̀rọ̀ yẹn kò wọ̀ mí létí, nítorí ọ̀rá ẹbu yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n bá. Ẹbu kì í sì í rìn, bẹ́ẹ̀ ojú ibi tí Dickinsonia ti sinmi, tó sì ti sún kúrò, wà lórí òkúta Ọsirélíà ní tẹ̀lé-ǹ-tẹ̀lé. Òótọ́ ni pé a kò lè rí ọ̀rá náà lára ti ibí, torí ooru àti òjò ti ba òkúta wọn jẹ́, àmọ́ Dickinsonia costata kan náà ló wà níhà méjèèjì. Ní ti ẹnu tí kò ní, Trichoplax ṣì ń bẹ láàyè nínú òkun lónìí: kò lẹ́nu, kò nífun, abẹ́ ara ló fi ń jẹun, kò sì sẹ́ni tó ń jiyàn pé ẹranko ni.



Àbúrò yín ni.