Ilé Ọtí Àwọn Ará Írẹ́lándì: Ọ̀rọ̀ Ni Ọjà Tí Wọ́n Ń Tà Níbẹ̀

Ilé ọtí àwọn ará Írẹ́lándì wà lára ohun tí ènìyàn lè rà, kí wọ́n kó o sínú àpótí, kí ọkọ̀ ojú omi sì gbé e dé ìlú mìíràn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni ilé-iṣẹ́ kan ní Dublin, Irish Pub Company, ti ń ya àwòrán irú ilé bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń kan káńtà onígi rẹ̀, tí wọ́n ń wá dígí, ìgò àti fìtílà àtijọ́ tí yóò bá a mu, tí wọ́n sì ń kó gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí òkè òkun. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó bá dé Dubai, Berlin tàbí New York fi lè ṣí ilẹ̀kùn kan kí ó sì rò pé abúlé kan ní Írẹ́lándì ni òun wọ̀. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ti jókòó nínú ojúlówó rẹ̀ yóò mọ̀ pé ohun kan ṣẹ́ kù sílé tí kò wọ inú àpótí. Ohun náà ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lọ́sẹ̀ yìí.

Èmi kì í mu ọtí. Inú ilé tí a ti ka ilé ọtí sí ojúde ọ̀run àpáàdì ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Nígbà tí mo lọ lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí ó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Dublin, ìyá wa pè wá lórí fóònù, wọ́n sì kìlọ̀ pé àwọn kò gbọdọ̀ gbọ́ pé ẹsẹ̀ wa tẹ ilé ọtí. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín, ó ní: “Màámi, bí a kò bá dé ibẹ̀, níbo ni a ó ti mọ àwọn aládùúgbò wa?” Ìbéèrè yìí ni mo gbé kiri láti Dublin dé Galway, àti láti Galway dé Dingle: kí ni ó wà nínú ilé ọtí tí ẹni tí kì í mu ọtí lè rí jẹ níbẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ilé náà fúnra rẹ̀. “Pub” tí wọ́n ń pè é, ìgékúrú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó túmọ̀ sí “ilé gbogbo ènìyàn” ni. Èyí tí ó dára nínú wọn jọ pálọ̀ ẹnì kan ju òtẹ́ẹ̀lì lọ. Orúkọ ìdílé tí ó ni ín, tàbí tí ó ni ín nígbà kan rí, ni wọ́n sábà máa ń kọ sókè ilẹ̀kùn. Iná kì í mọ́lẹ̀ jù nínú rẹ̀. Bí òtútù bá mú, iná ààrò a máa jó ní igun kan, àwọn àga a sì sún mọ́ ara wọn débi pé o kò lè jókòó kí o má gbọ́ ohun tí ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ ń sọ. Ní ìgbèríko, ilé ọtí àti ṣọ́ọ̀bù a máa wà lábẹ́ òrùlé kan náà láyé àtijọ́, ìyókù àṣà yìí kò sì tíì parẹ́. Ní Dingle, ẹ óò rí ìṣó, òòlù àti ohun èlò ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní Foxy John's, ọtí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Ní Fethard, ní ìpínlẹ̀ Tipperary, ìdílé tí ó ni McCarthy's ń ta ọtí, wọ́n ń ta oúnjẹ, wọ́n sì ń bá ènìyàn sin òkú. Ilé tí ó mọ ìgbà tí a bí ọ, tí yóò sì mọ ìgbà tí a ó sin ọ́, kì í ṣe ibi tí a kàn ń ra ife ọtí.

Kì í sì í ṣe gbogbo ènìyàn ni “ilé gbogbo ènìyàn” yìí gbà mọ́ra nígbà gbogbo. Nínú àwọn tí ó ti pẹ́, yàrá kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní “snug”. Ibẹ̀ ni àwọn obìnrin, àlùfáà àti ọlọ́pàá tí kò fẹ́ kí ojú rí wọn máa ń sá sí. Ojú fèrèsé kékeré kan ni agbọ́tí ti ń na ife sí wọn. Títí di àwọn ọdún 1970 pàápàá, àwọn ilé ọtí kan wà tí kì í ta ife ńlá fún obìnrin. Akọ̀ròyìn Nell McCafferty kó àwọn obìnrin lẹ́yìn lọ sí ọ̀kan nínú wọn ní Dublin. Wọ́n ní kí wọ́n fún àwọn ní brandy, wọ́n sì fún wọn. Ọ̀kan wá ní kí wọ́n bu ife ńlá Guinness fún òun, wọ́n kọ̀. Ni gbogbo wọn bá mu brandy wọn tán, wọ́n sì jáde láìsanwó. Ní ọdún 2000 ni òfin tí wọ́n ń pè ní Equal Status Act sọ irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ di èèwọ̀. Lónìí, àwọn ọ̀rẹ́ tí ó ní ọ̀rọ̀ àṣírí ni ó ń du snug mọ́ra wọn lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ Guinness fúnra rẹ̀ kò ní pẹ́ lọ títí. Arthur Guinness ni ó háyà ilẹ̀ ní St. James's Gate ní Dublin ní 1759, fún 9,000 ọdún, ní £45 lọ́dún. Èyí tí àwa mọ̀ nílé, tí wọ́n ti ń pọn ní Ìkejà láti 1962, inú ìgò ni ó ń wà, ọkà bàbà wà lára ohun tí wọ́n fi ń pọn ọ́n, agbára ọtí rẹ̀ sì jẹ́ 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí tí wọ́n ń bù sínú ife ní Dublin kò ju 4.2 lọ. Ohun tí ó wù mí nínú rẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ń bù ú. Agbọ́tí yóò tẹ ife náà, yóò bu ọtí sí i títí yóò fi kù díẹ̀ kí ó kún, yóò gbé e kalẹ̀, yóò sì kọjú sí ẹlòmíràn. Inú ife yóò máa rú bí ìgbà tí ìkùukùu ń sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí dúdú bá yà sísàlẹ̀ tí ìfófòó funfun sì gun òkè, agbọ́tí yóò padà wá kún un. Gbogbo rẹ̀ ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì, kò sì sí oníbàárà tí ń kánjú. Láàárín ìṣẹ́jú méjì yẹn, kí ni ènìyàn méjì tí kò mọ ara wọn rí yóò ṣe bí kò ṣe kí wọ́n sọ̀rọ̀?

Ọ̀rọ̀ ni ọjà gidi tí wọ́n ń tà níbẹ̀. “Craic” ni wọ́n ń pe adùn rẹ̀: àwàdà, ìròyìn, ìfira-ẹni-ṣẹ̀fẹ̀, gbogbo rẹ̀ papọ̀. Gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó kẹ́kọ̀ọ́ èdè, ó dùn mọ́ mi nínú pé àyálò ni ọ̀rọ̀ náà. Láti ọ̀dọ̀ àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti wá, kí àwọn ará Írẹ́lándì tó fi ìlànà àkọtọ́ tiwọn kọ ọ́ tí ó sì di tiwọn pátápátá, bí bíà àti búrẹ́dì ti di ti àwa náà. Ojú ọjọ́ ni wọ́n fi ń ṣí ọ̀rọ̀. Bí ẹnì kan bá sọ fún ọ pé òjò yìí kò fẹ́ dá, má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ òjò ni. Ó ń kí ọ ni. Dá a lóhùn, ilẹ̀kùn ti ṣí. Àwọn àgbà wa ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Níbẹ̀, òun ní í fa àga fún àlejò.

Owó ọtí pàápàá, ọ̀nà ìbáṣepọ̀ ni. Bí ènìyàn mẹ́rin bá jókòó, oníkálukú kò ní ra tirẹ̀. Ẹnì kan yóò ra fún gbogbo wọn, ẹlòmíràn yóò tẹ̀lé e, títí yóò fi yí ká. Ẹni tí ó bá mọ bí a ti ń dá èésú kò nílò àlàyé púpọ̀. Ẹni tí ó mu ti ẹlòmíràn tí ó sì dìde kí ó tó kàn án, wọn kò ní bá a jà, ṣùgbọ́n wọn kò ní gbàgbé rẹ̀. Ní tèmi, mo máa ń ra fún gbogbo ẹni tí a jọ jókòó nígbà tí ó bá kàn mí, mo sì ń gba omi ọsàn tèmi. Ojú kan náà ni wọ́n fi ń wò mí.

Ní Dingle, bàbá àgbàlagbà kan jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi ní ìdí káńtà. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ òjò, wọ́n béèrè iṣẹ́ mi, mo sì sọ pé èdè Yorùbá ni mo kà ní yunifásítì, òun náà ni mo sì fi ń kọ̀wé jẹun. Bàbá náà yí sí agbọ́tí, wọ́n sọ̀rọ̀ ní Gaeilge, èdè àbínibí wọn, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá sọ fún mi pé ìyá àwọn kò gbọ́ èdè mìíràn dáadáa, pé àwọn ọmọ-ọmọ àwọn ní ìlú ńlá kò sì gbọ́ ju ìkíni lọ. “Èdè náà wà lára gbogbo pátákó ojú ọ̀nà,” ni bàbá náà wí, “ṣùgbọ́n pátákó kì í rẹ́rìn-ín. Ibí yìí ni mo ti ń rí ẹni tí yóò bá mi fi í ṣàwàdà.” Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára. Mo ti jókòó nínú ọ̀pọ̀ àpérò lórí bí èdè Yorùbá kò ṣe ní kú. A ń sọ ti ilé ìwé, a ń sọ ti ìwé, a ń sọ ti òfin. N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè ibi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń fi í rẹ́rìn-ín.

Orin ni ó kù. Bí ẹ bá gbọ́ pé “session” wà lálẹ́, ẹ má wá pèpéle kiri, nítorí kò sí. Àwọn olórin yóò jókòó yí tábìlì kan ká, wọn yóò kọjú sí ara wọn, kì í ṣe sí yín. Ẹnì kan yóò bẹ̀rẹ̀, àwọn tí ó mọ orin náà yóò sì dà á pọ̀ mọ́ ọn láìwo ìwé. Fàyólìn wà níbẹ̀, fèrè wà níbẹ̀, ìlù olójú kan tí wọ́n ń pè ní bodhrán náà sì wà níbẹ̀. Awọ ewúrẹ́ ni wọ́n sábà fi ń ṣe é. Igi ni wọ́n fi ń lù ú, ọwọ́ kejì a sì máa tẹ awọ náà kí ohùn rẹ̀ lè yí. Ọmọ Yorùbá tí ó bá mọ sákárà àti gòjé yóò rí ìbátan lójú ẹsẹ̀. Ìlànà wà o: má jókòó sí àga olórin, má sì dá sí orin wọn láìtọrọ àyè. Bí ẹnì kan bá fi ohùn nìkan kọrin, kí gbogbo ilé dákẹ́.

Wọn kì í fi irú ibi bẹ́ẹ̀ ṣeré. Ní 2021, àwọn kan fẹ́ kọ́ òtẹ́ẹ̀lì sí orí ilẹ̀ tí Cobblestone wà, ilé ọtí olórin kan ní Smithfield, Dublin. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tú jáde sí ìgboro láti tako ètò náà, ìgbìmọ̀ ìlú sì kọ̀ ọ́ nínú oṣù kọkànlá ọdún náà.

N kò ní sọ ilé ọtí di ilé àdúrà. Ọtí ti tú ọ̀pọ̀ ilé ká ní Írẹ́lándì, àwọn fúnra wọn kò sì fi bò. Ní 1838 ni àlùfáà Theobald Mathew bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀jẹ́ àìmutí lẹ́nu àwọn ènìyàn ní Cork. Ní 1898 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Pioneer sílẹ̀ ní Dublin, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi báàjì sí àyà láti fi hàn pé àwọn kì í mu ọtí. Nítorí náà, ẹni tí kì í mu kì í ṣe àjèjì níbẹ̀. Ìwọ̀n tí mo fi ń mọ ilé ọtí rere nìyẹn: ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń béèrè ohun tí ó wà nínú ife rẹ. Níbi tí wọ́n bá ti ń fi dandan rọ̀ ọ́, dìde kí o máa lọ.

Ó lé ní 2,000 ilé ọtí tí ó ti tilẹ̀kùn ní orílẹ̀-èdè náà láti 2005. Ọtí inú ilé ìtajà ńlá kò wọ́n tó ti ibẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ìgbèríko ti kó lọ sí ìlú ńlá, àrùn kòrónà sì dá kún un. Ní 2011, ìjọba dín ìwọ̀n ọtí tí awakọ̀ lè ní lára kù. Òfin tí ó tọ́ ni, ó ń gba ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ àgbàlagbà tí ó ń dá gbé lẹ́yìn odi abúlé, tí kò sí ọkọ̀ èrò ní ọ̀nà rẹ̀ lálẹ́, lè lo odindi ọ̀sẹ̀ kan láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ọtí wà nínú fíríìjì rẹ̀. Kì í ṣe ọtí ni ó sọnù lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí ọ̀nà bá gbé yín dé ibẹ̀, ẹ lọ wo Temple Bar ní Dublin bí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ariwo àti owó gọbọi ni ẹ óò bá níbẹ̀. Ẹ rìn síwájú. Ẹ wá ilé tí ẹ óò ti gbọ́ ohùn ènìyàn kí ẹ tó gbọ́ ti ẹ̀rọ, tí àwọn àgbà àti ọ̀dọ́ ti jọ jókòó. Ẹ má lọ jókòó sí igun pẹ̀lú fóònù yín. Ẹ lọ sí ìdí káńtà, kí ẹ sì ní sùúrù. Bí ẹnì kan bá sọ pé òjò yìí mà pọ̀ o, ẹ dá a lóhùn.