Kíka Ibùsùn Kò Tó

Bí ẹ bá bi ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣàkóso ilé ìwòsàn wa bí wọ́n ṣe ń mọ iye nọ́ọ̀sì tó yẹ kó ṣiṣẹ́ lóru, ibùsùn ni wọn yóò kà fún yín. Èmi kò rí ọgbọ́n nínú ìṣirò náà.

Mo sùn ti àbúrò ìyá mi fún òru mẹ́ta ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Festac. Aláìsàn méjìlá, nọ́ọ̀sì méjì. Méje nínú wọn ń dá rìn, wọ́n sì ń tàkúrọ̀sọ. Ní òru kejì, àwọn nọ́ọ̀sì méjèèjì ń yí ìyá àgbà kan tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀ padà, kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà di egbò. Àsìkò yẹn ni omi tó ń kán sí àbúrò ìyá mi lára tán, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń gòkè bọ̀ nínú rọ́bà. Mo kígbe. Nọ́ọ̀sì kan ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dí rọ́bà yẹn.” Mo dí i. Lórí ìwé, aláìsàn mẹ́fà péré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń tọ́jú.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní nǹkan bí ọdún 1960, Robert Connor pín àwọn aláìsàn Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà sí ìsọ̀rí mẹ́ta: ẹni tó lè ṣe tara rẹ̀, ẹni tó nílò ìrànlọ́wọ́ díẹ̀, àti ẹni tí a ó ṣe gbogbo nǹkan fún. Ní àwọn ọdún 1990, àwọn ará Oulu ní Finland gbé òṣùwọ̀n kan kalẹ̀ tó ń wo ọ̀nà ìtọ́jú mẹ́fà, tí máàkì wọn bẹ̀rẹ̀ láti 6 dé 24. Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ń dán an wò: nọ́ọ̀sì méjì yóò díwọ̀n aláìsàn kan náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìdíwọ̀n wọn sì gbọ́dọ̀ bára mu tó ìdá 70 nínú 100.

Síbẹ̀, kí a má ṣe gbé òṣùwọ̀n Oulu wá sí Amúwo-Ọ̀dọ̀fin bẹ́ẹ̀ ṣá. Ní ọ̀dọ̀ wa, ẹbí ló ń wẹ aláìsàn, ẹbí ló ń sáré lọ ra abẹ́rẹ́ àti oògùn. Tí àwọn ọmọ ìyá àgbà bá wà ní London ńkọ́? Iṣẹ́ ẹbí á di ti nọ́ọ̀sì. Òṣùwọ̀n tiwa gbọ́dọ̀ béèrè pé: ta ló wà lọ́dọ̀ aláìsàn yìí?

Ní oṣù Kejì ọdún 2024, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Nàìjíríà pàṣẹ pé nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ọdún méjì nílé kí wọ́n tó bá a fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ fún òkè òkun. Àwọn nọ́ọ̀sì fẹ̀hónú hàn. Iye ọdún ni àṣẹ náà kà. Kò díwọ̀n ẹrù tí wọn yóò rù láàárín ọdún méjì náà.

Bí wọ́n bá bi mí, ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ tí ìjọba kọ́ sí Amúwo-Ọ̀dọ̀fin ni mo fẹ́ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìdánwò náà. Obìnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí rẹ̀ kò lè dìde gbé ọmọ rẹ̀ tó ń ké. Ibùsùn kan ni, aláìsàn méjì.